Ààwẹ̀ Kọ́, Ebi Ni

Ọ̀rọ̀ tèmi lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí pẹpẹ. Ọ̀rọ̀ ìkòkò àti ṣíbí ni, mo sì mọ̀ pé àwọn kan yóò béèrè pé kí ni pásítọ̀ ń wá ní ilé ìdáná. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á tán ná.

Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ní èdè kan tí wọ́n fi ń ka oúnjẹ. Bí ẹ bá bi ọ̀kan nínú wọn pé báwo ni oúnjẹ lónìí, ó lè dá yín lóhùn pé, "1-0-1 ni, sà." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó jẹun ní àárọ̀, kò jẹ ní ọ̀sán, yóò sì jẹ ní alẹ́. 0-1-0 ni ti ẹni tó jẹ ẹ̀ẹ̀kan péré ní ọ̀sán. 0-0-1 ni ti ẹni tó fi omi tútù ti àárọ̀ àti ọ̀sán sẹ́yìn, tí ojú rẹ̀ ń wọ̀nà fún alẹ́. Èdè yìí kì í ṣe tuntun. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, lẹ́yìn tí ètò SAP tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní 1986 ti sọ ọjà di iná, mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ mi tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, kí èmi tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì. A máa ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí tí mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí ọmọ tí mo gbé lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀ dúró níwájú mi tó ń sọ pé, "0-0-1 ni, Dádì," kò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́.

Láti Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú níbí, UI kò jìnnà. Ẹ wọ máíkírà ní Bẹẹ̀rẹ̀, ẹ gba Mọ́kọ́lá àti Sángo, ẹ ti dé ẹnu géètì. Nítorí náà, àwọn ọmọ ìjọ wa kò wọ́n níbẹ̀. Àwọn kan ń gbé inú ọgbà, àwọn mìíràn háyà yàrá ní Agbowó. Ní ọjọ́ Sunday, a máa ń rí wọn nílé ìsìn, ara wọn mọ́, aṣọ wọn dára, wọ́n gbé Bíbélì dání. Ojú wọn nìkan ni kì í lè parọ́.

Ìtàn oúnjẹ nínú ọgbà yẹn gùn ju bí àwọn ọmọ wọ̀nyí ti mọ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ní 1948, ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ló ń bọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọn a jókòó sí gbọ̀ngàn ìjẹun, a ó sì gbé àwo kalẹ̀ fún wọn. Àwọn àgbà tó kàwé níbẹ̀ láyé ìgbà náà kì í jẹ́ ká sinmi bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn adìyẹ ọjọ́ Sunday. Síbẹ̀, kò sí ìgbà kan tí oúnjẹ jẹ́ ọ̀rọ̀ kékeré níbẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 1971, ìfẹ̀hónúhàn kan tó bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ ilé ìjẹun Nnamdi Azikiwe Hall di ohun tí àwọn ọlọ́pàá fi ìbọn dá sí, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Kúnlé Adépéjù sì bá a lọ. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ọmọ náà ń kọ́, iṣẹ́ tí a fi ń bọ́ ènìyàn. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ilé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ UI. Ní oṣù kẹrin ọdún 1978, ìjọba fi àádọ́ta kọ́bọ̀ kún owó oúnjẹ òòjọ́, ó kúrò ní ₦1.50, ó di ₦2.00. Gbogbo orílẹ̀-èdè gbóná. Ohun tí wọ́n ń pè ní Ali Must Go nìyẹn, nítorí pé Ahmadu Ali ni kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́ fún ìjọba àpapọ̀ nígbà náà. Ẹ̀mí àwọn ọmọ ọlọ́mọ ṣòfò ní Èkó àti ní Zaria. Nígbà tó di 1984, ìjọba ológun yọwọ́ nínú bíbọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ilé ìjẹun kógbá sílé, oníkálukú sì di ìyá ara rẹ̀.

₦1.50 fún oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta! Ẹ wo ètò ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí a mọ̀ sí NELFUND, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2024: ₦20,000 lóṣù ni wọ́n là kalẹ̀ fún ìtọ́jú ara ẹni tó bá gbà á. Ẹ pín in sí ọgbọ̀n ọjọ́, kò tó ₦670 lóòjọ́. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ná ọjà, ẹ̀yin náà ni kí ẹ sọ ohun tí ₦670 lè rà. Nítorí náà, n kò kọ ọ̀rọ̀ yìí láti fi bú ọmọ kankan. Kò sí ẹni tí ebi ń wù.

Ohun tó mú mi kọ̀wé ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìṣọ́ òru kan níjọ wa. Ọmọbìnrin kan, akẹ́kọ̀ọ́, tí àwọn òbí rẹ̀ ń ṣòwò ní agbègbè Beyerúńká, dúró láti darí orin. Kò tíì kọ ẹsẹ kejì tán tó fi ṣubú. Ẹ mọ bí ìṣọ́ òru ti ń rí. Àwọn jagunjagun àdúrà yí i ká, ọ̀kan ń pàṣẹ, èkejì ń pe iná, ariwo sọ. Mo ní kí wọ́n dákẹ́. Màmá Nọ́ọ̀sì, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ wa, kúnlẹ̀ tì í, ó fọwọ́ fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀, ó wò ó, ó sì béèrè pé, "Ọmọ mi, ìgbà wo lo jẹun kẹ́yìn?" Ọmọ náà ní òun gba ààwẹ̀. "Ààwẹ̀ ọjọ́ mélòó?" Ó ní òun kò ka ọjọ́ mọ́.

A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Ìgbà tí ara rẹ̀ mókun ló tó sọ òtítọ́ fún ìyàwó mi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni òun ti ń fi gààrí àti indómì gbé ara, pé nígbà tí owó tán pátápátá ni òun sọ ọ́ di ààwẹ̀, kí ojú má baà ti òun lọ́dọ̀ àwọn tó wà ní yàrá.

Lẹ́yìn èyí, mo pe àwọn ọ̀dọ́ wa jọ, mo ní kí ẹni tó ń gba ààwẹ̀ lọ́sẹ̀ náà nawọ́ sókè. Ọwọ́ pọ̀. Mo wá ní kí ẹni tí yóò jẹun báyìí tí oúnjẹ bá wà nílẹ̀ nawọ́. Ọwọ́ kan náà ni, kò dín ju ẹyọ méjì lọ. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Èmi náà kò mọ ohun tí mo lè sọ fún bí ìṣẹ́jú kan.

Ẹ jẹ́ ká pe nǹkan ní orúkọ rẹ̀. Ẹni tó ní oúnjẹ tó gbé e tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí Ọlọ́run ló gbààwẹ̀. Ẹni tí kò ní, ebi ló ń pa á, ìjọ ló sì yẹ kó gbọ́. A máa ń wàásù Dáníẹ́lì fún àwọn ọ̀dọ́ wa, a sì máa ń kánjú lọ sínú ihò kìnnìún. Ẹ padà sí orí kìíní. Akẹ́kọ̀ọ́ ni Dáníẹ́lì níbẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni ọba là kalẹ̀ fún ẹ̀kọ́ náà, èdè tuntun àti ìwé àjèjì ni wọ́n ń kọ́ ọ. Dáníẹ́lì kò ní òun kò ní jẹun. Ó yan ohun tí òun yóò jẹ ni, ó ní kí wọ́n dán òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun wò fún ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ̀wà àti omi ló sì béèrè. Wọ́n jẹ, wọ́n yó, ojú wọn dán ju ti àwọn tó ń jẹ ẹran ọba lọ. Orí kẹwàá, nígbà tó ti dàgbà, ni a ti kà á pé ó fi oúnjẹ dídùn sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Èlíjà pàápàá, nígbà tó rẹ̀ ẹ́ lábẹ́ igi tó ń wá ikú, oúnjẹ ni áńgẹ́lì kọ́kọ́ gbé fún un, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó sì jẹ ẹ́ kí wọ́n tó rán an níṣẹ́.

Nísinsìnyí mo fẹ́ bá ẹ̀yin ìyá sọ̀rọ̀, ẹ má bínú sí mi. Ọ̀kan nínú yín ń ta èlùbọ́ ní Ọjà'ba. Èlùbọ́ rẹ̀ dára, ìdílé mi ń rà á. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ ń padà sílé ìwé, mo rí ẹrù tí wọ́n ń dì sí bọ́ọ̀tì ọkọ̀: páálí indómì méjì, bísíkíìtì, ṣúgà, ohun mímu alágolo. Mo bi í pé èlùbọ́ ńkọ́? Ó ní, "Dádì, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á fi ṣe yẹ̀yẹ́." Ìyá tó ń bọ́ àdúgbò ń lọ fi èrè orí èlùbọ́ ra oúnjẹ inú páálí fún ọmọ tirẹ̀! Kì í ṣe òun nìkan. Ojú ń tì wá láti di ẹ̀wà sínú ẹrù ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni kò tì wá láti rí i tó ń gbẹ.

N kò bá indómì jà. Ní 1988 ló kọ́kọ́ dé ọjà Nàìjíríà, láti 1995 ni wọ́n sì ti ń ṣe é ní Ọ̀tà níbí, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́wọ́ ebi ní aago méjìlá òru. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tó jẹ́: ìyẹ̀fun wíìtì tí a din ni, iyọ̀ sì pọ̀ nínú ìpara inú ọ̀rá kékeré rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má ju gíráàmù 5 lọ, ìyẹn bí ṣíbí tíì kan, àti ti ọbẹ̀, àti ti búrẹ́dì, àti ti gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ́, kó da ìdajì ìpara náà nù, kó já ẹ̀fọ́ sí i, kó fọ́ ẹyin kan sí i. Ẹyin kan ní tó gíráàmù 6 ohun tí ń mú ara dàgbà.

Ti ẹlẹ́rìndòdò ni n kò lè fojú fo. Àwọn ọmọ mìíràn a fi ìgò kan àti búrẹ́dì ṣe oúnjẹ ọ̀sán, wọn a ní ó ń fún àwọn lágbára láti kàwé. Ẹ ní kí wọ́n yí ìgò náà padà, kí wọ́n ka iye gíráàmù ṣúgà tí wọ́n kọ sí i, kí wọ́n fi mẹ́rin pín in, nítorí gíráàmù mẹ́rin ni ṣíbí tíì kan. Kí wọ́n wá da iye ṣíbí náà sínú ife omi kan, kí wọ́n wò ó bóyá wọ́n lè mu ún. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ₦10 lórí lítà kọ̀ọ̀kan, nítorí ìtọ̀ ṣúgà àti ọ̀rá ara tó ń pọ̀ sí i. N kò rí ọmọ kan tó tìtorí ₦10 dẹ́kun rẹ̀.

Ní ti gààrí, ẹni tó ń gbé Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ gààrí láìdáa, wọ́n á lé e kúrò ládùúgbò. Gààrí dára. Ohun tó ń ṣe é ni pé kò lè dá nìkan dúró. Nínú gíráàmù 100 gààrí, ohun tí ń mú ara dàgbà kò ju bí gíráàmù 1 lọ. Nínú gíráàmù 100 ẹ̀wà gbígbẹ, ó tó bí gíráàmù 23. Ẹ̀pà náà tó bẹ́ẹ̀, ó tilẹ̀ jù ú lọ díẹ̀. Àwọn baba wa tó ń fi ẹ̀pà àti kúlíkúlí mu gààrí kò ka ìwé kankan, ọgbọ́n ló wà níbẹ̀. Ọgbọ́n kan náà ló wà nínú àmàlà wa ní Ìbàdàn níbí. Ẹ̀wà ni gbẹ̀gìrì, ewé tútù ni ewédú, ẹ wá fi ẹja ṣàwá kan lé e. Kí ni onímọ̀ oúnjẹ tún fẹ́? Ẹran ńlá mẹ́ta tí àwọn ọ̀dọ́ ń kó lé e lórí ní búkà ló ń sọ ọ́ di ohun olówó ńlá.

Fún àwọn ọmọbìnrin pàápàá, ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ṣe pàtàkì, nítorí oṣooṣù ni wọ́n ń pàdánù nínú rẹ̀. Màmá Nọ́ọ̀sì kọ́ wọn ní ohun kan tí n kò gbọ́ rí: bí wọ́n bá jẹ ẹ̀wà tàbí ẹ̀fọ́, kí wọ́n jẹ ọsàn tàbí ìbẹ́pẹ lé e, ara yóò lè fa ohun tí ń fún ẹ̀jẹ̀ lókun jáde nínú rẹ̀ dáadáa. Tíì ni kí wọ́n má mu pẹ̀lú oúnjẹ, nítorí ó máa ń dí i lọ́wọ́. Ọsàn kò wọ́n bíi ẹlẹ́rìndòdò ní àsìkò rẹ̀. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre, gbogbo wọn wà ní Bódìjà, kò jìnnà sí ẹnu géètì wọn. Gíráàmù 400 ẹ̀fọ́ àti èso lóòjọ́ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn. Mo mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ wa kò lè débẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀fọ́ ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́.

Ìdí tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń sá fún ẹ̀wà ni pé ó ń jẹ gáàsì. Òótọ́ ni. Kí wọ́n rẹ ẹ́ sómi láti alẹ́, kí wọ́n da omi náà nù, yóò tètè jinná, inú kò sì ní kún. Kí ọmọ mẹ́rin pa owó pọ̀ se ìkòkò kan. Iná kan ni, àlùbọ́sà kan ni, ìfọbọ́ kan ni. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin kan tí wọ́n jọ wà ní Agbowó gbìyànjú rẹ̀ fún sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ kan, wọ́n kúrò ní 0-0-1, wọ́n dé 1-0-1. Ìjà kan ṣoṣo tó ṣẹlẹ̀ ni ti ẹni tí yóò fọ ìkòkò.

Ẹ kíyè sára nípa ẹ̀wà tí ẹ óò rà o. Àwọn oníṣòwò kan ń da oògùn apakòkòrò sí i kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Láti 2015 ni àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nítorí oògùn yìí, NAFDAC náà sì ti kìlọ̀ títí. Ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ̀. Bí ẹ bá délé, ẹ sá a kó gbẹ dáadáa, ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ títí yóò fi kún dé ọrùn, ẹ dé e pinpin. Kòkòrò kì í yè níbi tí afẹ́fẹ́ kò bá wọ̀. Ìdí náà ni wọ́n fi ń ta àpò onípele mẹ́ta fún àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀wà púpọ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọ̀rá. Mọ́ínmọ́ín tó ń hó ni wọ́n ń dà sínú ọ̀rá nísinsìnyí, ẹ̀wà gbígbóná nínú ọ̀rá, omi mímu nínú ọ̀rá, a sì ń jù ú sílẹ̀ níbi tí a ti tú u. Àwa ará Ìbàdàn kò yẹ kí a gbàgbé. Omíyalé Ògùnpa ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 ṣì wà lọ́kàn àwọn àgbà ìjọ yìí. Ti ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 pa ènìyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún, omi náà sì wọ inú ọgbà UI pàápàá. Kì í ṣe ọ̀rá nìkan ló fà á, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo inú gọ́tà wa láti Mápó wálẹ̀ yóò rí ohun tó dí ojú omi. Ewé eéran tí àwọn ìyá wa fi ń pọ́n ẹ̀kọ kì í dí gọ́tà, jíjẹrà ló ń jẹrà. Èkó fòfin de ike oúnjẹ funfun fúyẹ́fúyẹ́ nì ní oṣù kìíní ọdún 2024. Kí àwa má dúró de òfin. Nígbà ìkórè ìjọ wa tó kọjá, mo ka àpò ìdọ̀tí mẹ́rìndínlógún tí wọ́n kó jáde, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni ike tí ìrẹsì ṣì wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn tí Jésù bọ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún, ó ní kí wọ́n kó èyí tó kù jọ. Àwa kó o sí gọ́tà. Láti ìkórè tó ń bọ̀, àwo ni a óò lò, ìgbìmọ̀ àwọn àgbà ti fọwọ́ sí i, àwọn ọkùnrin ni yóò sì fọ àwo.

Ohun tí a ń ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìyí. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá ń ra ẹ̀wà lápò ní Bódìjà, wọ́n ń sá a, wọ́n ń pín in. Ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò gba kóńgò méjì ẹ̀wà, kóńgò kan èlùbọ́ àti ìgò ẹ̀pà kan lóṣù, ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tí kò ní, ẹni tó bá ní yóò san iye tí a rà á. Kò sí ẹni tí yóò béèrè lọ́wọ́ ọmọ pé èwo ni òun nínú méjèèjì. Ó wà láàárín òun àti Màmá Nọ́ọ̀sì. Ọjọ́ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù ni pínpín, aago mẹ́wàá àárọ̀, ní ilé ìdáná ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, wọn yóò sì jọ se oúnjẹ kan níbẹ̀ kí wọ́n tó lọ. Kí wọ́n mú kẹ́ẹ̀gì onílítà márùn-ún wá, kó gbẹ, kó sì ní ìdérí. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lọ́dún yìí, ẹ fún akọ̀wé ní orúkọ wọn kí ọjọ́ Sunday méjì tó kọjá, nítorí àpò kan ṣoṣo ló kù nílẹ̀.